Kọ́lá, Mo Fẹ́ Ta Subaru Náà

Lagere,
Ilé-Ifẹ̀.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti ìdílé rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Mo fẹ́ ta Subaru náà, WRX STI aláwọ̀ búlúù ti 2005 yẹn. Orúnkún Bàbá ló fà á. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Mọ́tò náà kò ga nílẹ̀, sípírìǹgì rẹ̀ sì le, kò sí kòtò tí wọn kì í mọ̀ lára. Wọn kì í ráhùn, àmọ́ mò ń rí ojú wọn. Sienna ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn tó wá wò ó pọ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé a ti pààrọ̀ páìpù èéfín àti ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á ní mọ́tò tí wọ́n ti tú ká ni. Ó ń dùn mí, Kọ́lá. Ìwọ mọ bí mo ṣe tọ́jú ẹ́ńjìnnì yẹn. Kì í ṣe olóòró bíi ti Corolla: písítìnì méjì dùbúlẹ̀ lọ́tùn-ún, méjì lósì. Tí timing belt rẹ̀, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì máa bá ara wọn rìn, bá já pẹ́nrẹ́n, fáàfù á lọ gbá písítìnì, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi pààrọ̀ bẹ́líìtì náà kí àsìkò rẹ̀ tó tó nìyẹn. Ọ́ìlì kì í kọjá kìlómítà 5,000 lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sáré dé láti Ìbàdàn, mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí n tó pa á, torí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ṣì ń gbóná, ọ́ìlì tó ń yí ló ń tù ú.

Ọmọkùnrin kan gbé owó gidi wá. Ariwo páìpù nìkan ló béèrè. Mi ò tà á fún un.

Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló wù mí kó rà á. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó béèrè bóyá a ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe fún epo tiwa níbí, torí octane rẹ̀, ìyẹn agbára tí epo ní láti má ṣe gbiná ṣáájú àsìkò, kò tó èyí tí ẹ́ńjìnnì náà ń fẹ́. Mo ní a ti dín agbára tọ́bò kù kó má baà máa nọ́ọ̀kì. Ó tún béèrè àwọn ẹ̀yà tó bá mọ́tò wá láti Japan. Gbogbo wọn wà nínú páálí ní yàrá mi, mo kó wọn hàn án, inú rẹ̀ dùn.

Ó kù kó rí ẹ̀rí timing belt. Ìwọ lo rà á lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún tí o fi ránṣẹ́. Jọ̀wọ́, bá mi wá rìsíìtì rẹ̀, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí Sátidé tó dé. Bàbá ní kí n kí ọ.

Èmi ni tìrẹ,
Démọ́lá