Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Dókítà Onímọ̀ Họ́mọ̀nù Ṣíwájú Nínú Ẹ̀kọ́ Nípa Ìsanrajù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ ìsanrajù ló wà lọ́kàn mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, pàápàá jù lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó máa la aráàlú lọ́yẹ̀ nípa rẹ̀. Lóde òní, bí ènìyàn bá tan rédíò láàárọ̀, tàbí tó ṣí fóònù rẹ̀, àwọn tó ń ta tíì tó ń fa ikùn wọlé, àwọn alágbo tó ní ọjọ́ méje péré ni ọ̀rá yóò fi yọ́, àti àwọn tó ń polówó oògùn tó ń mú obìnrin sanra níbi tó wù ú, ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn. Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa rẹ̀, ìyẹn àwọn dókítà onímọ̀ họ́mọ̀nù (èròjà tí ara ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara yòókù), tí òyìnbó ń pè ní endocrinologist, ni a kì í sábà gbọ́ ohùn tiwọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn wọ̀nyí bọ́ síwájú, kí wọ́n máa darí ohun tí aráàlú ń gbọ́ nípa ìsanrajù, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ ní èdè Yorùbá.

Ẹni tó bá ní kí ló kan dókítà họ́mọ̀nù nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jẹun jù, mo ní àlàyé fún un. Ọ̀rá tó wà lára wa kì í jókòó lásán, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ní ọdún 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rockefeller University, nílùú New York, kéde àwárí tó tú àṣírí họ́mọ̀nù kan tí ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń sun sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní leptin, tó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ bí ohun tí ara fi pamọ́ ṣe pọ̀ tó. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan ṣàwárí òmíràn tó ń jẹ́ ghrelin, tí agbẹ̀du máa ń sun nígbà tí ebi bá ń pa ènìyàn. Bí ènìyàn bá ti ń fọn, leptin á máa lọ sílẹ̀, ghrelin á máa gòkè, ara á sì dín agbára tó ń ná lóòjọ́ kù, nítorí ó gbà pé ìyàn ló dé. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílùú Melbourne, ní Australia, tó jáde ní 2011, tẹ̀lé àwọn ènìyàn tó ti fọn nípa dídín oúnjẹ kù, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn họ́mọ̀nù tó jẹ mọ́ ebi kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó fi ìnira fọn fi máa ń sanra padà, tí àwọn ará ilé rẹ̀ á sì máa pè é ní wọ̀bìà. Ẹlòmíràn tún wà tó jẹ́ pé oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn mìíràn ló mú un sanra, ẹlòmíràn kókó inú ọrùn rẹ̀ tó ń sun họ́mọ̀nù, tí òyìnbó ń pè ní thyroid, ni kò ṣiṣẹ́ tó mọ́, obìnrin mìíràn sì wà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ségesège pẹ̀lú ìsanra náà. Ta ni yóò ṣàlàyé gbogbo èyí fún wa bí kò ṣe ẹni tó ń rí wọn lójoojúmọ́?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Mo rí ohun tí ìsanrajù ń fà: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀, orúnkún tí kò gbé ènìyàn mọ́, èémí tó ń dá dúró lójú oorun. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ lágbàáyé ni ìsanrajù ń bá fínra. Kì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó mọ́, kì í sì í ṣe ti olówó nìkan.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tó sanrajù pàápàá nílò àlàyé onímọ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní BMI ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò: wọ́n á sọ gíga ènìyàn ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á sì fi pín kílò tó wọ̀n. Ẹni tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọ̀n ní kílò 80, ti lé ní 31, bẹ́ẹ̀ 30 ni WHO fi ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ibi tí ọ̀rá náà wà, èyí tó kó sínú ikùn sì ni ó léwu jù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Francesco Rubino ti King's College London darí, tí àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé The Lancet Diabetes & Endocrinology, sọ pé BMI nìkan kò tó, pé kí a máa wọn ikùn mọ́ ọn, kí a sì ya ẹni tí ìsanra ti ń pa ẹ̀yà ara rẹ̀ lára sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò tíì ṣe ní nǹkan kan. Inú mi dùn sí ìyàtọ̀ yìí gan-an, nítorí ẹni àkọ́kọ́ nílò ìtọ́jú kíákíá, ẹnì kejì sì nílò àmójútó àti ìmọ̀ràn, kò sí ìdí tí a ó fi da ìbẹ̀rù bò ó.

Ohun kan wà tí gbogbo ilé lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Ẹ wá okùn tí kì í fà, ẹ fi wọn ara yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé àtàrí, ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, kí ẹ wá fi àbọ̀ rẹ̀ yí ikùn ká, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta. Bí àbọ̀ okùn náà kò bá ká ikùn, ó tó kí ẹ lọ rí dókítà. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti 2022 pé kí ikùn wọn má fẹ̀ tó ìdajì gíga wọn. Mo ti ṣe é fún àwọn obìnrin ọjà nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fa ikùn wọlé, wọ́n á sì fẹ́ kí a wọ̀n ọ́n lórí ìró. Ó di ìgbà tí a bá tú ìró, tí a sì yọ àpò owó tí wọ́n so mọ́dìí, kí a tó rí ìwọ̀n tòótọ́. Nígbà tí okùn kò bá ká, wọn kì í bínú. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń bi wá, ìbéèrè tó jinlẹ̀, nípa oyún, nípa ọmọ wọn tó ń sanra, nípa oògùn tí wọ́n ń rà, àwọn kan lára ìbéèrè wọ̀nyí sì kọjá ohun tí nọ́ọ̀sì lè dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù lọ ni ti oògùn ìsanra. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń lọ sí kẹ́míìsì kí ìgbéyàwó wọn tó dé, wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní ohun tí yóò mú àwọn sanra díẹ̀, wọ́n á sì di hóró oògùn wẹ́wẹ́ fún wọn sínú ọ̀rá náílọ̀n. Dexamethasone tàbí prednisolone ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Àwọn kan a tún máa lọ̀ ọ́ mọ́ agbo. Oògùn gidi ni méjèèjì nígbà tí dókítà bá kọ wọ́n fún ikọ́ fée tàbí àwọn àìsàn mìíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ cortisol ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn họ́mọ̀nù tí kókó méjì tó jókòó lórí kíndìnrín wa ń sun, dexamethasone sì lágbára ju cortisol lọ ní ohun tó ju ìlọ́po ogún lọ. Ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ á kún rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á ga, ikùn á yọ, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ á máa tín-ín-rín sí i. Ìlà á fa ikùn àti itan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru, egungun á sì máa di ahẹrẹpẹ. Ó ń bà mí nínú jẹ́ pé àsìkò tí ojú bá kún yìí gan-an ni àwọn ará àdúgbò máa ń yìn ín pé ó ti ń dára.

Ewu tó tún burú ju ìyẹn lọ wà níwájú. Nígbà tí oògùn bá ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn kókó méjèèjì náà fún wọn, wọ́n á dẹ́kun iṣẹ́. Bí owó bá wá tán, tí ẹni tó ń lò ó já oògùn lójijì, tí ibà tàbí iṣẹ́ abẹ sì dé bá a, ara kò ní cortisol tí yóò fi kojú rẹ̀, ó sì lè ṣubú lulẹ̀, kó kú. Wọ́n gbé ọ̀dọ́bìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa rí, tó ń bì, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, tí ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé ibà lásán ni. Dókítà họ́mọ̀nù tó ń kọjá lọ ló rí àwọn ìlà tó wà ní ikùn rẹ̀, tó sì bèèrè oògùn tó ń lò. Ìbéèrè yẹn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ó ka lẹ́tà mi. Kó lọ bá dókítà, kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti àwọn tó fẹ́ fọn náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Sibutramine, oògùn ìfọnra kan tí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní Yúróòpù tí wọ́n sì kó kúrò lórí igbá ní Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, ni wọ́n ṣì ń bá nínú àwọn tíì àti kọfí ìfọnra tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí ń fara wé họ́mọ̀nù tí ìfun ń sun lẹ́yìn oúnjẹ, jẹ́ oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ìsanrajù ní 2021, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, WHO kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ayédèrú rẹ̀ ti wọ ọjà. Ẹni tó rà á lórí WhatsApp kò mọ ohun tó ń gún sára.

Mo ní ohun kan láti sọ fún àwọn dókítà náà. Ẹ má ṣe wá dójú ti ènìyàn. Láwùjọ wa, ẹni tó bá fọn, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ẹ́, tàbí pé ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀, láti ìgbà tí àrùn éèdì sì ti dé ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti burú sí i. Àwọn aláìsàn ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kí ṣúgà àwọn wálẹ̀, ṣùgbọ́n kí ara má fọn. Ìmọ̀ràn tí kò bá fi èyí ṣírò kò ní wọlé. Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n pa àmàlà tì kí wọ́n máa lọ ra oúnjẹ inú páálí. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí òkèlè ṣe tóbi tó, nípa ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, àti nípa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ti sọ di omi mímu lóde àríyá. Òfin ìṣúná ọdún 2021 bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náírà 5 péré lórí ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà. Mo fara mọ́ òfin náà, ṣùgbọ́n náírà 5 kò lè ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín rèé. Ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù ní Nàìjíríà, Endocrine and Metabolism Society of Nigeria, kí wọ́n yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa láti máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Ẹ má ṣe gba ìpolówó oògùn ìsanra tàbí ìfọnra sí ojú ìwé yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò san owó rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà wọ̀nyí kò pọ̀, ilé ìwòsàn ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí àwọn yẹn sì gbé ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, dé mọ́ṣáláṣí àti ilé ìjọsìn. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ni ayájọ́ ìsanrajù lágbàáyé, ẹ sì lè fi ọ̀sẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ oògùn ìsanra ṣáájú, kí àkòrí rẹ̀ sì tóbi lójú ìwé àkọ́kọ́, nítorí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń múra ìgbéyàwó ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.