Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí koríko gọ́ọ̀fù tí ó fẹ́ tẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà á pé ìwọ náà fẹ́ tẹ́ koríko oníke sí ẹ̀yìnkùlé rẹ, kí o lè máa fi kọ́ bí a ṣe ń rọra gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sínú ihò. O béèrè irú koríko tí ó yẹ kí o rà. Jọ̀wọ́, má bínú pé n kò ní fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ó wà lábẹ́ koríko ni ó fìyà jẹ mí, òun ni mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi gbogbo ọkàn sí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe tèmi, mo yan igun kan tí mo ti hú kùkùté igi kúrò. Mo da erùpẹ̀ dí kòtò náà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo da yanrìn lé e, mo sì tẹ́ koríko sórí rẹ̀. Ó dára lójú fún nǹkan bí oṣù 2. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ léraléra, erùpẹ̀ inú kòtò náà ń rì díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí n ti gbá bọ́ọ̀lù, ojú kan náà ni yóò yà sí, bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè é níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé pákó gígùn kan tí ó tọ́ dáadáa lé koríko náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì dojú bolẹ̀ níwájú láti wò ó. Ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ pákó náà, àyè ibẹ̀ sì gba ìka mi tí ó kéré jù lọ. Ojú mi kò rí i rárá ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, tí ó sì ń yí lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò lè ṣàìmọ̀ pé ibẹ̀ jìn.

Mo ká koríko náà kúrò, mo sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà wọlẹ̀ ní íǹṣì 4, mo hú gbogbo gbòǹgbò tí ó ṣẹ́ kù, mo sì tẹ́ aṣọ tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ àti òkúta dà pọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́, tí lẹ́bú rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ni mo dà sórí aṣọ náà. Má ra òkúta odò tí ó rí roboto, kì í di ara rẹ̀ mú. Mo dà á ní ìpele 2, mo bu omi wọ́n ọn kí ó lè tutù díẹ̀, mo sì yá ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà fi ń tẹ ilẹ̀ le, mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀ títí gìgísẹ̀ mi kò fi lè sàmì sí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi lẹ́bú òkúta nìkan tẹ́jú òkè rẹ̀. Jẹ́ kí ilẹ̀ náà rọra dà kúrò lára ògiri ilé, bí íǹṣì 1 nínú ẹsẹ̀ bàtà 8, kí omi má baà dúró. Iṣẹ́ yìí gba ọjọ́ 3 lọ́wọ́ mi. Títẹ́ koríko fúnra rẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Kí koríko tó dé orí ilẹ̀ ni kí o ti ri ife ihò mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1891 ni òfin gọ́ọ̀fù ti fi fífẹ̀ ihò sí mìlímítà 108, kò sì gbọdọ̀ jìn dín ní mìlímítà 101.6. Da òkúta sí abẹ́ ife náà, kí o sì lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò lọ. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ ju ilẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí ó wọlé yóò ta kúrò létí rẹ̀.

Ní ti koríko tí o béèrè, èyí tí ó kúrú, tí kò ju ìdajì íǹṣì lọ, tí ó sì ki dáadáa, ni kí o rà. Sá a sí oòrùn fún wákàtí díẹ̀ kí ó lè nà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni kí o ti máa gé e. Fi ọwọ́ rá a, wàá rí i pé ọ̀nà kan ni gbogbo rẹ̀ dà sí. Bí o bá fẹ́ so ègé 2 pọ̀, kí wọ́n kọjú sí ibì kan náà. Etí nìkan ni kí o kan ìṣó mọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yanrìn gbígbẹ sí i díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọlé, nítorí yanrìn ni ó ń gbé koríko náà dúró. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edward Stimpson ló ronú ohun èlò tí a fi ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí jìnnà tó lórí koríko ní ọdún 1935, pákó oníhò gbọọrọ tí a ń yí bọ́ọ̀lù láti orí rẹ̀. Mo gbẹ́ irú rẹ̀ kan fúnra mi. N kò fi í wé ti pápá kankan; mo kàn fi ń mọ ìyàtọ̀ ni. Ṣáájú yanrìn, bọ́ọ̀lù mi ń lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dé 10.

Oòrùn máa ń mú koríko oníke gbóná gan-an, nítorí náà má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ ní ọ̀sán. Wo gíláàsì fèrèsé rẹ náà dáadáa: ìtànṣán tí ó bá ta láti ara àwọn kan lè yọ́ koríko.

Kí o tó ra ohunkóhun, dákun, dúró de òjò ńlá kan, kí o wo ibi tí omi dúró sí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ, kí o sì ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀. Mò ń retí rẹ̀.

Ó dàbọ̀ ná.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.