Gbèsè ni Maryland ń san, kì í ṣe àánú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín pé owó ọ̀fẹ́ ìjọba, mílíọ̀nù 577 dọ́là, ni àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú (àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú láyé àtijọ́) ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, ń jẹ. Ó dùn mí wọra, torí pé ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ló bí mílíọ̀nù 577 dọ́là tó ń wí yẹn. Ọdún 2006 ni àwọn tó ń jà fún àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, Morgan State, Coppin State, Bowie State àti Maryland Eastern Shore, pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ wo ti Morgan nìkan: wọ́n ti ní ẹ̀ka MBA (oyè kejì nínú ìmọ̀ òwò) tiwọn ní Baltimore. Ní 2005, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí Towson àti University of Baltimore, tí wọn kì í ṣe yunifásítì aláwọ̀ dúdú, jọ dá irú rẹ̀ gan-an sílẹ̀ ládùúgbò kan náà. Morgan pariwo, wọn ò dá a lóhùn. Ilé-ìwé tó lówó lọ́wọ́ ju tìẹ lọ wá ń ta ọjà tí ò ń tà, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa kù fún ọ? Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà rí i bẹ́ẹ̀ ní 2013. Síbẹ̀, Gómìnà Hogan kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin owó náà ní 2020, ó ní kòrónà ti ba ọrọ̀ ajé jẹ́. 2021 ló tó gbà. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì pín in sí. Ajigbèsè tó ń san díẹ̀díẹ̀ ti wá di ọlọ́rẹ nìyẹn?

Àwa fúnra wa náà ò kéré. Bí mo bá sọ lóde àríyá pé Bowie State lọmọ mi wà, wọ́n á ní, "Há, ṣé kò rí Towson wọ̀ ni?" Ẹlòmíràn á ṣàánú mi: "Ó kúkú sún mọ́lé." Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé yunifásítì nínú ìdílé wọn, àwọn mìíràn sì ń ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ́ sí kíláàsì.

Sikọ́láṣípù, gbígba olùkọ́ àti ṣíṣí ẹ̀ka tuntun ni owó yìí wà fún. Òfin ò gbà kí ìjọba fi dípò owó tí wọ́n ti ń fún wọn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ béèrè ẹ̀ka tí wọ́n ti fi ṣí àti iye olùkọ́ tí wọ́n ti fi gbà. Kó má sì fo Coppin o, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Bùsọ́lá,
Bowie, Maryland