Ẹ Kọ Owó Takisí Sójú Pátákó fún Àlejò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín, tó ní àwọn awakọ̀ takisí òkè òkun kì í rẹ́ èèyàn jẹ, pé ọ̀dọ̀ wa níbí nìkan ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ fèsì, ọjà ni kò jẹ́ kí n ráyè. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí aṣọ ti ń gbé mi kiri ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ti pàdé awakọ̀ tó jí owó mi níbẹ̀, mo sì ti pàdé èyí tó ṣe mí bí ìyá tó bí i.

Ọdún 2011 ni mo kọ́kọ́ lọ sí Istanbul, ní ilẹ̀ Túrkì. Laleli ni mò ń lọ, àdúgbò tí àwọn oníṣòwò láti Áfíríkà àti Rọ́ṣíà ti ń ra ọjà olópò. Alẹ́ ni mo dé. Mo wọ takisí aláwọ̀ ìyeyè ní pápákọ̀ òfurufú Atatürk, a gba etí òkun lọ, mítà ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, mo na àádọ́ta lírà sí dírẹ́bà. Ó gbà á, ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá ṣéńjì. Ìgbà tó máa gbójú sókè, lírà márùn-ún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní márùn-ún yẹn ni mo fún òun. Ó ń pariwo, inú ọkọ̀ ṣókùnkùn, mi ò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Mo rò pé ojú mi ló ṣì mí, mo tún yọ àádọ́ta mìíràn fún un. Ọjọ́ kẹta tí mo jókòó ka owó ọjà mi ni mo tó mọ̀ pé ojú mi ò ṣì mí rárá.

Àwọn tó ti pẹ́ ní Laleli ló sọ fún mi pé wọ́n ti ń ṣe é fún àlejò tipẹ́. Lírà márùn-ún àti àádọ́ta ìgbà náà jọ ara wọn lójú, pàápàá lálẹ́. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́, àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 2013, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Túrkì yí àwọ̀ lírà márùn-ún padà sí elésè àlùkò kí àwọn èèyàn má baà máa ṣì í mú fún àádọ́ta mọ́. Wọn ò dúró dìgbà tí gbogbo awakọ̀ bá ronú pìwà dà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Nínú ìrìn àjò kan náà, bàbá arúgbó kan ló gbé mi padà sí pápákọ̀. Ẹrù mi wúwo, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sí bùùtù. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ó tan iná inú ọkọ̀, ó gbé owó náà sókè kí n rí i, ó fi èdè rẹ̀ dárúkọ iye tó jẹ́, ó ka ṣéńjì mi sí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dà bíi pé ó mọ ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe fún mi, ojú sì ń tì í. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí mo bá wà, mo máa ń gbé owó sókè, mo máa ń pe iye rẹ̀ ketekete kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ní Mẹ́kà, nígbà Úmúrà ní 2016, àwa obìnrin márùn-ún la fẹ́ lọ sí Mọ́sálásí Àíṣà, níbi tí àwọn tó bá fẹ́ ṣe Úmúrà mìíràn ti ń lọ ṣe àníyàn ìjọsìn. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà méje sí mẹ́jọ lọ sí Káábà. Dírẹ́bà ní ríyàlì mẹ́wàá, a wọlé. Nígbà tí a dé ọ̀hún, ó ní mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lòun wí. Ó di àádọ́ta. Nínú aṣọ ìjọsìn, ta ló fẹ́ jà? A san án. Nígbà tí à ń bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bangladesh dúró fún wa. Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó wá fi ọwọ́ yí àwa márààrún po, kí ó lè yé wa pé gbogbo wa ni. Kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà ò gbọ́ Lárúbáwá tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a gbọ́ ara wa yé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ dákun, ẹ máa béèrè iye owó àti iye èèyàn pọ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ti ṣẹlẹ̀, ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi ló sì ṣe é. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní 2019, mo lọ wẹ ọmọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ wá pàdé mi ní Heathrow, ó sì pẹ́ díẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ọkùnrin kan gbọ́ ohùn mi. "Àlájà mi, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọkọ̀! Ìbàdàn lẹ ti ń bọ̀, àbí?" Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú pápákọ̀ òyìnbó. Olóòtú, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo ní kí àna mi má wulẹ̀ wá mọ́. Mi ò béèrè iye owó, nítorí mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ná ọjà lọ́wọ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tí a dé Peckham, ó ní £180. Ọmọ mi ní kò yẹ kó tó ìdajì rẹ̀. Ó yí ojú padà, ó ní àfi tí òun bá gbé ẹrù mi lọ. Ẹnu tó fi kí mi kú ewu náà ló fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọ mi tó là mí lóye. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, takisí dúdú nìkan ni èèyàn lè dá dúró lójú pópó. Ọkọ̀ yòókù, àfi kí ẹ ti ránṣẹ́ pè é ṣáájú. Ẹni tó bá ń pe èrò kiri nínú pápákọ̀ ti rú òfin. Àwọn onítakisí dúdú ń ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Knowledge, ó ti wà láti ọdún 1865. Nǹkan bí òpópónà 25,000 ni wọ́n ń kọ́ sórí ní àyíká Charing Cross, àárín gbùngbùn ìlú náà, ó sì sábà máa ń gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo wọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó padà sílé. Mítà wà lójú mi, nọ́ńbà ọkọ̀ wà lójú mi. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ oníkanra, kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i, ṣùgbọ́n iye tó wà lórí mítà náà ló gbà. Mo fara mọ́ oníkanra yẹn ju ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lọ.

Mo wá ń bọ̀ nílé. Ẹni tó ní awakọ̀ wa nìkan ló burú, kò tíì gbọ́ nípa ọmọkùnrin onímáíkírà tó gbé mi láti Ìwó Road lọ́dún tó kọjá. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀sì márùn-ún sí bùùtù rẹ̀, owó oníbàárà ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ Gbági nìkan ni mo dá nínú ọkọ̀, mi ò sọ ìlà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀la rẹ̀ ni mo rí i tó gbé láílọ́ọ̀nù náà lórí, tó ti ń bèèrè láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, tó fi iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀. Owó tí mo fún un, ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní ìyá òun náà ń ta aṣọ, ní Ọjà Ọba.

Ní Ìwó Road kan náà ni mo ti bá dírẹ́bà mìíràn tó ń gba ₦10,000 lọ́wọ́ ọmọdébìnrin àgùnbánirọ̀ kan fún dúrọ́ọ̀pù dé Bódìjà, nítorí pé ó gbọ́ pé kò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni mo dá sí i. Ó gba ₦3,000, ó sì ń bú mi bó ṣe ń lọ.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde nìyí. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba ṣí rélùwéè tuntun tó ń gbé èrò láti Èkó wá sí Mọ́níyà. Àlejò ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ Alákìá náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti gba ibẹ̀ kọjá, mi ò rí pátákó kan tó sọ iye tí dúrọ́ọ̀pù jẹ́ dé Dùgbẹ̀, dé Challenge tàbí dé Ọjà Ọba. Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn alákòóso gáréèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà gàdàgbà sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, níwájú ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Tí epo bá wọ́n, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ òmíràn. Ọmọkùnrin tó dá lẹ́ẹ̀sì mi padà kò ní bẹ̀rù pátákó náà. Ẹni tó bá bẹ̀rù rẹ̀, a ó ti mọ ìdí.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo bèèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà mẹ́fà, mo kọ iye owó dúrọ́ọ̀pù láti Gbági dé ibi mẹ́jọ sára páálí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́ẹ̀sì. Àwọn oníbàárà mi láti Kánò àti Ọ̀nìtṣà ti ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Àlájà Aláṣọ,
Gbági Tuntun, Ìbàdàn.