Mo rí orógùn mi lọ́wọ́ rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ń sọ, ó ń kọ. Ibi tí o bá rí i tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́, èmi ni mo ní kó pa á rẹ́.

Ìyá oníṣòwò tó ń ná ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Má bi í léèrè bó ṣe mọ ibi tí o wà. Èmi ni mo júwe rẹ fún un, ìwọ fúnra rẹ lo sì júwe ara rẹ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò rẹ na fóònù sí mi, ó ní, "Màámi, ẹ wo àmàlà yìí, ó jọ tiyín." Àwo kan ni wọ́n yà, gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ro àmàlà wà lẹ́yìn àwo náà, kò sí ojú. Mo ní kó fẹ àwòrán náà kó tóbi. Orógùn ọwọ́ onítọ̀hún ti sán lọ́rùn, wọ́n fi wáyà pupa dì í yí po ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Àkànní, èmi ni mo di wáyà yẹn. Wáyà iná tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń wá orógùn yẹn kiri ilé.

Mo rí i pé orúkọ mìíràn lo kọ sókè ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ rẹ, orúkọ Ọlọ́run lo tún fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èmi tí mi ò mọ fóònù í tẹ̀ bá rí ọ, ta ni kò ní í rí ọ?

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì lọ́wọ́, àbúrò rẹ ka ìròyìn kan fún mi. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Gioacchino Gammino, ará Sicily ní Ítálì, ó wà nínú ẹgbẹ́ apààyàn tí wọ́n ń pè ní Stidda. Ó sá kúrò lẹ́wọ̀n Rebibbia ní Róòmù ní 2002, ó gba Spain lọ, ẹ̀wọ̀n gbére sì wà lọ́rùn rẹ̀ lórí ìpànìyàn. Ó sọ ara rẹ̀ di Manuel ní ìlú kékeré kan, Galapagar, nítòsí Madrid. Kí lo rò pé ó ń ṣe níbẹ̀? Oúnjẹ ló ń sè!

Google ní mọ́tò kan tó máa ń gba òpópónà kọjá, tó ń ya ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò náà ló ya ọkùnrin méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀fọ́. Ọ̀kan jọ ọ́ lójú àwọn ọlọ́pàá Ítálì, àmọ́ kò dá wọn lójú. Wọ́n wá lọ tú Facebook ilé oúnjẹ kan ládùúgbò yẹn, ilé oúnjẹ tó tilẹ̀ ti kógbá sílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i nínú aṣọ kúùkù, pẹ̀lú àpá àgbọ̀n rẹ̀. Oúnjẹ Sicily wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó pa orúkọ dà, ọbẹ̀ ìlú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. December 2021 ni wọ́n mú un, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mi ò ní pa òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún fún ọ, o mọ̀ ọ́n. Ti ọkùnrin yìí kù díẹ̀ kó pé ogún.

Ohun tó sọ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe rí òun, nígbà tí òun ò tilẹ̀ pe àwọn ará ilé òun fún ọdún mẹ́wàá. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Ẹni tó ń retí kí fóònù dún fún ọdún mẹ́wàá ni mo ń rò.

Òmíràn tún wà, Edgardo Greco, ará Ítálì kan náà, tí wọ́n ń wá lórí ikú ọmọ ìyá méjì kan ní 1991. Pizza lòun ń ṣe ní Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé. (Àbúrò rẹ ní búrẹ́dì tí wọ́n da tòmátì lé ni.) Ìwé ìròyìn ìlú gbé fọ́tò rẹ̀ jáde nítorí oúnjẹ rẹ̀, òun náà sì dúró kí wọ́n ya òun. Wọ́n gbé e ní February 2023.

Ìwọ ní o kò pa ẹnikẹ́ni. O sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní 2018 pé ọ̀kadà lo gùn, àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ ló yìnbọn. Mo bi ọ́ bóyá o mọ̀ pé ìbọn wà lọ́wọ́ wọn kí o tó gbé wọn. O di ẹrù rẹ, o ò dá mi lóhùn.

Ìyá ọmọ tí wọ́n yìnbọn pa náà ṣì ń ta ata ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra rodo láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò sì mọ nǹkan kan. Ó máa ń fún mi ní èènì, á ní, "Ìyá Àkànní, ọmọ wa ńkọ́?" Màá ní o wà lẹ́yìn odi. Á ní, "Ọlọ́run á mú un bọ̀ láyọ̀." Mo máa ń ṣe àmín. Tí mo bá délé, màá da èènì yẹn nù.

Mi ò lè ṣe àmín yẹn mọ́, ọmọ mi. Máa bọ̀ nílé.

Mo ti rí lọ́yà. Ó ní ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í kú nílẹ̀ wa, bó pé ogún ọdún bó pé ọgbọ̀n. Ó ní Benin kì í ṣe ibi ìsádi, pé láti 1984 ni Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana ti jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á máa dá ọ̀daràn padà fún ara wọn. Ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ìwọ àti wọn jọ wà, òfin tí Èkó ṣe ní 2021 sọ ẹ̀wọ̀n ọdún 21, àmọ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ ti ṣẹlẹ̀ kí òfin yẹn tó dé, ó ní òun mọ bí òun á ṣe sọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó sọ gbogbo ohun tó mọ̀, adájọ́ lè fi ojú mìíràn wò ó. Kò ṣèlérí kankan. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an nìyẹn. Bí owó bá sì tán, ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì tó ń gbẹjọ́ rò fún mẹ̀kúnnù lọ́fẹ̀ẹ́.

Má dá lọ sí tẹ́ṣàn. Èmi, ìwọ àti lọ́yà la jọ ń lọ, lójú mọmọ. Má sì tìtorí lẹ́tà yìí kó ẹrù lọ sí Lomé. San owó ọmọ tó ń bá ọ fọ abọ́. Bí obìnrin kan bá wà níbẹ̀, kó gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá.

Ìyá oníṣòwò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa dúró dè ọ́ di aago mẹ́wàá. Ẹ gba Sẹ̀mẹ̀, ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kí o sì gbé orógùn mi dání. Èyí tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ àmàlà í ro.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.