Lẹ́tà sí ara mi ní ọmọ ọdún 16, tó fi Amos Tutuola ṣe ẹlẹ́yà

Ìwọ tí mo jẹ́ nígbà kan,

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ náà dáadáa. O jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Tutuola kọ wà níwájú rẹ, o sì ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí o rò pé òǹkọ̀wé náà ti ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, kíláàsì bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tìrẹ ló ga jù. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ pàá ni o kọ́kọ́ fa ìlà sí lábẹ́, níbi tí ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà ti ní láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ni òun ti jẹ́ ọ̀mùtí ẹmu. Wò ó bí mo ṣe sọ ọ́ yìí: kí ló ṣe é? Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń gbọ́ ọ; Yorùbá ni ọkùnrin náà ń sọ.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutuola, 1920 ni wọ́n bí i. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ dúró, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ náà sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló rí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Mẹ́séńjà yìí ló kọ ìwé náà tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìwé ìtàn àkọ́kọ́ Chinua Achebe. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa bínú, wọ́n ní ó dójú tì wá. N kò dá wọn lẹ́bi tán, nítorí àwọn òyìnbó kan yìn ín bí ìgbà tí ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Ṣùgbọ́n wo ibi tí ọ̀mùtí inú ìwé náà àti ìyàwó rẹ̀ ti ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì, tí wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni, èlé rẹ̀ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú ti di títà. Wọn kò lè kú mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n! Ká ní ìyá àgbà ló pa á lálọ̀ọ́ fún ọ, ṣé ìwọ ìbá wá bírò pupa?

Òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà ti la ọ̀nà irú ìtàn yìí ní Yorùbá láti 1938, Tutuola sì tọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mùtí náà padà sí Yorùbá lórí ìtàgé, àwọn èrò ìwòran tí kò ka lẹ́tà kan nínú ìwé náà sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìbàdàn ni Tutuola kú sí ní 1997.

Ìwé rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ àná mo ń ka ibi ọkùnrin arẹwà inú ọjà yẹn fún ọmọ mi ní Yorùbá: ọkùnrin tó háyà ẹ̀yà ara rẹ̀, tó ń dá wọn padà fún oníǹkan lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀, àyà, apá, títí ó fi ku agbárí lásán. Ọmọ náà di apá mi mú. Nígbà tó yá, ó ní, “Bàbá mi, èló ló san lórí ẹsẹ̀?”

Èmi ni,
ìwọ tó ti dàgbà.