Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí àpò bébà àti táàgì ẹ̀bùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ nípa iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ: 100 àpò bébà kékeré fún ìkómọjádé, ọṣẹ dúdú kan àti chin-chin díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí táàgì sì wà lára rẹ̀. Má tíì mú sísọ́ọ̀sì. Gbé ọṣẹ àti chin-chin náà sórí tábìlì ná, kí o fi rúlà wọn gígùn, ìbú àti gíga wọn pọ̀. Fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún ìbú tí o bá rí, kí ọwọ́ lè ráyè mú nǹkan jáde láìfa àpò ya. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo ìwọ̀n tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Bébà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, gíráàmù 80 ni. Ó fẹ́lẹ́ jù fún àpò. Ra bébà búráùn gíráàmù 120 fún àpò, káàdì 250 sí 300 fún táàgì. Àwọn kan tó ń tà á a máa pe nọ́ńbà tó bá ti wá sí wọn lẹ́nu. Bí o bá ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ilé ìdáná, ka ẹyọ bébà A4 (ìwọ̀n bébà fọ́tòkọ́pì) 16 sórí rẹ̀: iye gíráàmù tó bá kọ ni nọ́ńbà bébà náà, torí A4 16 ni a ó tò pọ̀ kó tó fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti ní òòró, ìwọ̀n ìyẹn ni nọ́ńbà náà sì ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ mọ̀ ju ìwọ̀n lọ ni iṣan bébà. Bébà ní iṣan bíi ti pákó. Láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é ni púpọ̀ nínú fọ́nrán rẹ̀ ti kọjú sí ọ̀nà kan náà. Bí o bá ká a gba ọ̀nà tí iṣan gbà, ó máa ń ká wẹ́rẹ́. Bí o bá ká a dábùú iṣan, káàdì tó nípọn á là lójú ìká, funfun inú rẹ̀ á sì yọ síta, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Láti mọ ọ̀nà tí iṣan gbà, gé bébà kékeré onígun mẹ́rin, fi omi pa á lójú kan. Yóò ká ara rẹ̀ bí ẹní. Bí ẹní náà bá ṣe nà, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ṣe nà. Bí o kò bá fẹ́ lo omi, fà á ya ní òòró àti ní ìbú: ibi tó ti ya gbọọrọ ni iṣan gbà, ibi tó ti ya ségesège ni ìdábùú.

Ó yá, ìṣirò àpò. A4 gùn ní 29.7, ó fẹ̀ ní 21. Láti inú ẹyọ kan, o máa rí àpò kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní 8, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5, tó sì ga ní 14. Tẹ́ bébà náà kí gígùn rẹ̀ wà lápá òsì sí ọ̀tún. Láti apá òsì, fi pẹ́ńsù sàmì sí 8, 13, 21, 26 àti 27.5. Iwájú ni 8 àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ni 5, ẹ̀yìn ni 8 kejì, ẹ̀gbẹ́ kejì ni 5 tó tẹ̀ lé e; 1.5 tó kẹ́yìn ni ètè tí a ó fi gọ́ọ̀mù sí. Gé ìyókù kúrò, ṣùgbọ́n má dà á nù: ọ̀já tó fẹ̀ ní 2.2 ni, a ó lò ó. Lókè, sàmì sí 3 fún ibi tí a ó ká sínú. Nísàlẹ̀, sàmì sí 4 fún ìdí. Ìdí gbọ́dọ̀ ju ìdajì ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìdajì 5 ni 2.5, mo fi 1.5 kún un kí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè gun ara wọn. Ẹni tó bá fi 2.5 nìkan sílẹ̀, ìdí àpò rẹ̀ á la ẹnu, ọṣẹ á sì já bọ́ lójú agbo.

Mo ní láti sọ èyí fún ọ o: A4 tí wọ́n ń tà fún fọ́tòkọ́pì, gígùn rẹ̀ ni iṣan sábà máa ń gbà. Ìyẹn ni pé ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dúró lóòró lára àpò yìí dábùú iṣan. Bébà 120 á gbà á bí o bá fa ojú ìká rẹ̀ dáadáa. Káàdì 250 kò ní gbà. Bí oníbàárà bá ní àpò líle lòun fẹ́, ra bébà ńlá ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e fún ọ níbẹ̀ kí iṣan lè dúró bí àpò ṣe dúró. Sọ ọ́ fún ẹni tó ń gé e kó tó tẹ ẹ̀rọ, torí bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un, ọ̀nà tí bébà á fi pọ̀ jù ni yóò gbà gé e.

Má fi ọwọ́ lásán ká bébà. Mú bírò tí íńkì rẹ̀ ti tán pátápátá (dán an wò lára àjákù bébà), gbé rúlà irin ti ìlà, kí o fà á lẹ́ẹ̀kan lójú tí yóò wà níta. Ojú tí o fà á sí á jin, ẹ̀yìn rẹ̀ á wú. Ibi tó wú ni kó wà nínú ìká. Àwọn tó ń ká a sódì ló ń pariwo pé káàdì wọn kò dára.

Bí o bá ti fa gbogbo ìlà, ká 3 òkè sínú, kí o sì ki ọ̀já 2.2 yẹn sábẹ́ rẹ̀. Ó gùn ní 21, nítorí náà o máa rí méjì tó gùn ní 7.5 nínú rẹ̀, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ihò okùn máa wà. Bí ọ̀já kò bá sí níbẹ̀, okùn á gé bébà bí ọ̀bẹ. Lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ ètè ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà gé ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ dé ojú àmì 4. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí o kọ́kọ́ ká wọlé, kí ti iwájú tẹ̀ lé e, kí ti ẹ̀yìn kẹ́yìn. Gé káàdì 7.8 sí 4.8, kí o tẹ́ ẹ sínú ìdí.

Gọ́ọ̀mù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ̀kọ gbàgúdá tí a fi ń mú kí aṣọ le kò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ pọ̀, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wú, á sì hun jọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aáyán fẹ́ràn rẹ̀. Àpò tó bá sùn sí ilé ìkẹ́rùsí fún oṣù kan á ti ní ihò. Gọ́ọ̀mù funfun ni kí o lò. Má tú u sójú bébà láti ẹnu ìgò. Fi etí káàdì kékeré fà á títí yóò fi fẹ́lẹ́, tí o fi lè rí àwọ̀ bébà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá yọ létí ti pọ̀ jù. Gbé ìwé tó wúwo lé e fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí òjò bá ń rọ̀, fi tó wákàtí kan. Nígbà òjò náà, má gbé bébà sórí sìmẹ́ńtì o: yóò fa ọ̀rinrin, káàdì á sì tẹ̀ kọdọrọ kí o tó gé e. Jẹ́ kó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí tábìlì.

Ọṣẹ dúdú máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí o bá gbé e sínú bébà lásán, àpò á rin nídìí. Fi ọ̀rá wé e ná. Chin-chin náà, inú ọ̀rá tí ẹnu rẹ̀ dí pa ni kó wà, kí òróró rẹ̀ má bàa sàmì sára àpò.

Táàgì kò le. Gé e ní 5 sí 9. A4 káàdì kan á fún ọ ní 12, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní gígùn. Lu ihò ní 1 sí etí òkè, gé igun òkè méjèèjì dànù, kí o fi okùn ìko tó gùn ní 30 so ó. Orúkọ ọmọ ló nira. Ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọjádé, ọ̀pọ̀ ilé kì í sì í dárúkọ ọmọ síta ṣáájú. Nítorí náà, orúkọ ìdílé àti "Ẹ ṣeun" ni kí o tẹ̀. Bí wọ́n bá fi dandan lé orúkọ ọmọ, lẹ́ẹ̀kan náà kí o gé táàgì, lu u, so okùn rẹ̀, kí o fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí o lè fi ọwọ́ kọ orúkọ náà bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́. Má jẹ́ kí iṣẹ́ àpò dúró de orúkọ.

Àmì ohùn ńkọ́? Àwọn irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) kan lórí kọ̀ǹpútà a máa já a sílẹ̀, tàbí kí wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans àti Charis SIL gbé e dáadáa. Tẹ ẹyọ kan, kí ẹnìkan nínú ìdílé kà á kí o tó tẹ ìyókù. Ọlá kì í ṣe ọ̀la. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo íńkì lẹ́búlẹ́bú ni kí o wá, nítorí íńkì olómi á ṣàn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mínírà tútù mú bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n íńkì lẹ́búlẹ́bú náà máa ń fọ́ lójú ìká, nítorí náà má tẹ ohunkóhun síbẹ̀.

Fún 100 àpò, gé 110, kí o sì fi owó àpò mẹ́wàá tó lé náà kún ohun tí o máa gbà. Gba ìdajì owó kí o tó ra bébà. Ṣùgbọ́n ṣe ẹyọ kan ná, kó ọṣẹ àti chin-chin sínú rẹ̀, gbé e kọ́ sórí ìṣó títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ya ìdí rẹ̀ àti ibi tí okùn gbà wọlé ní fọ́tò, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó gé èkejì.

Èmi ni,
Màmá rẹ.